Ẹja Tí Namubiru Kò Pa

Kò sí ọmọ Buganda tí kò ní ohun tí ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ. Tèmi ni ọ̀bọ, torí ìdílé ọ̀bọ ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti gbọ́ gbogbo yẹ̀yẹ́ tí ènìyàn lè fi ìyẹn ṣe láyé. Ti Dókítà Justine Namubiru, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kángun sí tèmi ní yunifásítì wa lórí òkè ní Kampala, ni mmamba. Mmamba kì í ṣe àrọ̀, kì í sì í ṣe ejò, àmọ́ ó fi ara jọ àwọn méjèèjì. Ẹja ni, síbẹ̀ ó ń yọrí lómi láti mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Bí ẹrẹ̀ bá ń gbẹ, yóò wa ihò, yóò ká ara rẹ̀ jọ bí okùn, yóò sì sùn sínú amọ̀ láìjẹ láìmu títí òjò yóò fi dé. Àwọn ará ìlà-oòrùn ń fi se ọbẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹja tó dùn tó o. Lójú ìdílé Namubiru, ẹbí ni.

Ẹja yìí gan-an ló wá yàn láti fi ṣe ìwádìí.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló pè é lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn Màmá Nanyonga, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ òfin fún gbogbo ọmọ ilé náà.

"Ṣé o fẹ́ máa pa wọ́n ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹran ara wọn díẹ̀ ni mo fẹ́ máa mú, bí hóró ìrẹsì kan. Ó máa ń padà hù."

"Hóró ìrẹsì." Màmá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Àwọn nọ́ọ̀sì náà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lára mi nítorí ìtọ̀ ṣúgà, n kò sì tíì kú. Ó dáa, mú hóró ìrẹsì rẹ. Àmọ́ bí ọ̀kan bá kú sí ọ lọ́wọ́, má wá sílé mi wá bèèrè oúnjẹ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí kò ti lè pa ẹja, ó kọ́ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mú ẹran láti ìrù mmamba kí ẹja náà tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ẹja kan ṣoṣo ni yóò mú ẹran lára rẹ̀ kó tó sùn, yóò tún mú un nígbà tó ń sùn lọ́wọ́, yóò sì tún mú un lẹ́yìn tó bá jí. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi já fáfá débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré wá láti wò ó bí ẹni ń wo eré ìdárayá.

Abẹ́ igi píà ní ẹ̀yìn ilé ìwádìí ló to àwọn agbada amọ̀ rẹ̀ sí, ẹja kọ̀ọ̀kan nínú agbada tirẹ̀. Ojambo ló ń bá a tọ́jú wọn, ọkùnrin kan láti Busia ní ìlà-oòrùn tí wọ́n fi ọbẹ̀ mmamba tọ́ dàgbà. Àràárọ̀ ni òun àti Namubiru ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dókítà, ìyá mi kí yín o. Ó ní ìgbà wo lẹ máa fi ọ̀kan nínú àwọn ẹbí yín ránṣẹ́ sí òun?"

"Sọ fún Màmá pé a ti gbọ́. Ìwọ la máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ìwọ lo sanra jù níbí."

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, àwọn àlejò méjì wá bá wa láti ilẹ̀ Norway, láti kọ́ wa ní ohun tí wọ́n rí nípa sẹ́ẹ̀lì àti bí ara ẹranko ṣe ń ṣiṣẹ́, kí àwa náà sì fi tiwa hàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fẹ́ lò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sigurd Brandvold ni àgbà wọn, ọkùnrin gíga tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni. Ó kó wàràkàṣì pupa rúsúrúsú kan wá fún wa láti ìlú rẹ̀, tí Ojambo kọ́kọ́ rò pé ọṣẹ ni, tó sì ti fẹ́ gbé lọ sídìí omi. Ẹnì kejì ni Dókítà Refilwe Motsamai, ọmọ Botswana tó ń bá Brandvold ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan.

Ọjọ́ tí Brandvold máa sọ̀rọ̀, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sórí fèrèsé. Ó gbé àwòrán ẹran ìrù mmamba tó ń sùn sára ògiri. Kò sí ẹni tó rí i tí kò mi orí. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gùn gbọọrọ bí okùn bàtà ti súnkì, ó ti wó lulẹ̀, inú rẹ̀ ti dàrú.

"Ohun tí ẹ ń wò yìí ti kú," Brandvold wí. "Bí ẹja yìí bá jí, ńṣe ni ara rẹ̀ máa kọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn dípò rẹ̀, bí ẹni tó wó ilé àtijọ́ láti kọ́ tuntun."

A pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, Namubiru nawọ́ sókè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, àwòrán yín mọ́lẹ̀ kedere. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Nínú gbogbo ẹja tí ẹ fi hàn wá yìí, èwo ló padà jí?"

"Kò sí. A gbọ́dọ̀ pa á ká tó lè wò ó."

"Mo gbọ́ yín. Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ilé náà wó? Ó lè jẹ́ pé àwọn onílé kàn ká ẹní wọn ni, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n ń retí òjò."

Ẹ̀rín ta nínú gbọ̀ngàn. Brandvold pàápàá rẹ́rìn-ín, àmọ́ etí rẹ̀ pọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ssekitto, olórí ẹ̀ka Namubiru, wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́ òtútù.

Níbi oúnjẹ ọ̀sán, Ssekitto fa Namubiru sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ matooke àti ọbẹ̀ ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Justine, àlejò ni wọ́n o. Rọra."

"Ọ̀gá, mo rọra. Bí n kò bá rọra ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni mo máa bi í."

"Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Jọ̀wọ́, má fi ọkùnrin yẹn ṣe ẹlẹ́yà."

"Ẹlẹ́yà kẹ̀? Ohun tí mo rí ni mo máa sọ. Bí ohun tí mo rí bá sọ ọ́ di ẹlẹ́yà, ẹ má dá mi lẹ́bi."

Nígbà tó kàn án, ó bọ́ síwájú láìmú bébà kankan dání, ó sì gbé àwòrán ẹja kan jáde. "Ẹ kí Kasule," ó wí. Orúkọ ìdílé wọn ló fún ẹja. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àbúrò bàbá mi nìyẹn!" gbọ̀ngàn sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Ó wá ṣàlàyé ohun tó ṣe. Kí Kasule tó sùn, ó fún àró pupa kan sínú ìrù rẹ̀, àró tí kì í jáde níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì tó gbà á bá wà láàyè. Nígbà tí Kasule ń sùn, ó mú hóró ìrẹsì kan, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ rí bíi ti Brandvold gẹ́lẹ́, ó wó, ó súnkì. Nígbà tí Kasule jí, tó jẹun, tó lókun, ó tún mú òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì ti nà tán, ó gùn gbọọrọ bí ti àtẹ̀yìnwá, pupa náà sì wà nínú rẹ̀.

"Wọn kò kú," ó wí. "Wọn kò kọ́ ọ̀kan tuntun. Àwọn tó sùn náà ló jí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ mọ́. Kò ṣiyèméjì.

Brandvold dìde. Ojú rẹ̀ kò le, ńṣe ló ń tàn bí ti ẹni tó rí abánidíje gidi. "Dókítà, iṣẹ́ yín wú mi lórí. Àmọ́ ẹ gbọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, tó fọ́, àwọn tuntun lè gbé àró tó dà sílẹ̀ mì. Pupa tí ẹ ń rí lè jẹ́ ẹ̀wù òkú lọ́rùn ọmọ tuntun."

Gbogbo wa wo Namubiru.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ó wí. "N kò tíì ṣe ohun tó lè dáhùn rẹ̀. Màá ṣe é kí ẹ tó lọ."

Lọ́jọ́ kejì, a pàdé ní ọ́fíìsì Ssekitto. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àlejò, torí náà mo wà níbẹ̀. Brandvold ti gbé ìmọ̀ràn wá. Kí wọ́n mú ẹja mẹ́rin, kí wọ́n pa ọ̀kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan oorun náà, kí wọ́n gé ìrù látòkè délẹ̀, kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀. Ó ní òun á fi orúkọ yunifásítì wa ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Ssekitto wí kíá. "Ó dára gan-an ni. Àbí, Justine?"

"Kò dára, Ọ̀gá. Kò sí èyí tó máa kú."

"Justine, nítorí Ọlọ́run! Ẹja ni!"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ pa àmọ̀tẹ́kùn wá ká wo inú rẹ̀, ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nílé yín." Ìdílé àmọ̀tẹ́kùn ni Ssekitto.

Brandvold ń wò láti orí ẹnì kan sí èkejì. Kò mọ ohun tó ń lọ. Namubiru kọjú sí i. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í ṣe nítorí ìdílé nìkan. Bí a bá pa wọ́n, àá tún padà síbi tí ẹ wà lánàá. Ẹja mẹ́rin máa fún wa ní ojú ìwòye mẹ́rin lára ẹja mẹ́rin. Èmi fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹyọ kan."

Refilwe ló la ohùn. "Dókítà, kí lẹ ń jó?"

"Kí lèmi ń jó báwo?"

"Lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bèèrè ẹranko ìdílé ara wa. Èmi, ọ̀nì ni mò ń jó. Mi ò lè pa á, mi ò lè jẹ ẹ́, bí mo bá rí i lójú ọ̀nà, màá yà fún un."

Ojú Namubiru là. "Háà! Mmamba ni mò ń jó nígbà náà."

"Mo ti fura." Refilwe kọjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn ò ní pa á. Àmọ́ mo ní ohun tó máa ṣe é. Ẹ rántí àró àwọ̀ ewé tèmi? Kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì kankan àfi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di sẹ́ẹ̀lì. Dókítà ti fi pupa sára àwọn àtijọ́. Ká fún wọn ní àwọ̀ ewé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ jíjí. Èyí tó bá ní pupa nìkan, àgbà ni. Èyí tó bá ní àwọ̀ ewé nìkan, ọmọ tuntun ni. Bí tuntun bá sì gbé àró òkú mì bí ẹ ṣe wí, á ní àwọ̀ méjèèjì."

Brandvold fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. "Kí ló dé tí èmi ò ronú kàn án?"

"Torí ẹ ò jó nǹkan kan," Namubiru dá a lóhùn, ẹ̀rín sì pa gbogbo wa, títí kan Ssekitto.

Mmamba kan wà nínú agbada tí wọ́n ti fi pupa sí lára kó tó sùn, Nankya lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n yàn. Ìròyìn ti tàn ká. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa jí i, Màmá Nanyonga fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà dé, ó wọ aṣọ gomesi aláwọ̀ òféfèé, ó ní òun wá wo ojú Nankya. Wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ igi píà. Brandvold tẹrí ba, ó kí i.

"Ṣé ẹni tó pa wọ́n nìyí?" Màmá bi Namubiru, kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń bèèrè ni. Èèyàn gíga ni ṣá. Ó dà bí ẹni tí kì í jẹun kánú."

Ojambo rọra da omi sórí amọ̀. Amọ̀ náà fa omi, ó rọ̀, ó là. A rí Nankya, ó ká jọ, ó dúdú, ó gbẹ bí awọ bàtà àtijọ́. Kò mira. Refilwe fi abẹ́rẹ́ fún àwọ̀ ewé sí ìrù rẹ̀. Kò mira síbẹ̀. Omi gòkè bò ó. A dúró.

Ssekitto súnmọ́ mi. "Ó ti kú," ó sọ sí mi létí. Mo wo Namubiru. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó ká ọwọ́ jọ, ojú rẹ̀ balẹ̀.

"Dókítà," Brandvold wí jẹ́jẹ́, "ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

"Kò ṣẹlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó sùn pẹ́ kì í dìde lójijì. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá jí yín, ṣé ẹ máa ń fò sókè?"

Màmá Nanyonga tẹ̀ síwájú lórí àga. "Nankya," ó pè é, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, "ilẹ̀ ti mọ́ o. Àlejò wà nílé."

Bóyá ohùn náà ni o, bóyá omi ni, èmi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ìrù rẹ̀ gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ yọ lójú omi, ó la ẹnu, ó sì mí afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó ń fá ìsàlẹ̀ abọ́ ẹ̀kọ. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba gbogbo orí òkè kan. Ojambo gbàgbé ara rẹ̀, ó dì mọ́ Ssekitto pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bọ́ Nankya kó tó lókun tán. Ìgbà náà ni Namubiru wá mú hóró ìrẹsì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwa mélòó kan há mọ́ yàrá maikirosíkóòpù. Brandvold ló kọ́kọ́ fojú sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Pupa," ó wí. "Pupa, pupa, pupa. Mi ò rí ọ̀kan tó ní àwọ̀ méjèèjì. Dókítà, mo gbà. Àwọn tó sùn ló jí."

A ti ń bọ Namubiru lọ́wọ́ nígbà tí òun náà jókòó sídìí ẹ̀rọ. A retí kó kígbe ayọ̀. Kò kígbe. Ó kàn sún ẹran náà lọ sí etí, lápá ibi tí awọ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Refilwe, wá wo ibí."

Refilwe wò ó. "Àwọ̀ ewé ni."

"Mélòó?"

"Díẹ̀. Wọ́n tò sétí bí ẹni tò sójú ọ̀nà. Kò sí pupa lára wọn rárá."

Namubiru dìde, ó tẹ́jú mọ́ Brandvold. "Èmi ni mo dúró níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní wọn kò kọ́ ọ̀kan tuntun. Wọ́n kọ́. Wọn kò pọ̀, àmọ́ wọ́n kọ́ ọ. Ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ jàre."

"Ẹ jàre nínú ilé, mo jàre ní ìloro," Brandvold wí.

"Ìloro náà kéré o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ má tíì kó ẹrù wọlé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kádìí ìpàdé náà, Brandvold padà sí gbọ̀ngàn kan náà. Ó tún gbé àwòrán rẹ̀ ti àkọ́kọ́ sára ògiri, sẹ́ẹ̀lì tó wó, tó súnkì. "Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti ń sọ káàkiri ayé pé òkú nìyí," ó wí. "Ó ń sùn ni. Mo pa á kó tó lè sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ló pe Namubiru síwájú láti sọ ìyókù fúnra rẹ̀.

Namubiru sọ ọ́. Ó sọ ti pupa, ó sì sọ ti àwọ̀ ewé, ó ní òun ti ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó ń sọ ìyẹn. Ó ṣàlàyé ohun tí òun àti Refilwe máa wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń rán àwọn tuntun wọ̀nyẹn wá sí etí ìrù, àti ohun tó dé tí àárín kò fi nílò wọn. Bí ẹran ara èèyàn tó ń dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́ bá lè kọ́ bí a ṣe ń ká ẹní ní àkókò ọ̀dá, ó ní, ọ̀pọ̀ ni ì bá dìde rìn.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bèèrè bóyá ẹni tí kò bá jó mmamba lè bá a ṣiṣẹ́.

"Kódà ọmọ ìdílé ọ̀bọ lè wá," ó wí, ó nàka sí mi. "Kó má ṣáà fọwọ́ kan píà mi."

Wọ́n fi ìbéèrè dí i lọ́nà láti orí pèpéle dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń dáhùn, ó ń fi ìka ya sẹ́ẹ̀lì sára ògiri nígbà tí kò rí ṣọ́ọ̀kì, ó ń pe Refilwe kó wá ràn án lọ́wọ́, ó ń bá ẹni tí kò gbà jiyàn. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn dúró tì wọ́n títí, nígbà tí kò rójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ yí wọn ká.